Lákà fún bí ẹfun, ike sì hunjọ: kí ni kí n ṣe sí Ìjàpá bàbá mi?

Ìbéèrè tó wọlé sí mi láti Ìkéré-Èkìtì lọ báyìí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́nù fi mọ́dẹ́lì ọkọ̀ Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen kékeré oníke tí èèyàn ń fọwọ́ tò, ránṣẹ́ sí mi nínú ẹrù tó wá nípa ọkọ̀ ojú omi. Ti ilé iṣẹ́ Tamiya ni, ìwọ̀n 1/24, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún ọkọ̀ gidi. Irú ọkọ̀ tí bàbá mi fi ṣe iṣẹ́ tíṣà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì nìyẹn, mo sì fẹ́ kùn ún ní búlúù fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bíi tiwọn, kí n gbé e fún wọn. Airbrush kan tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà, kọ́mpírẹ́sọ̀ kékeré tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ àti ìgò ọ̀dà lákà mẹ́ta wà nínú ẹrù náà, ṣùgbọ́n tínà tí wọ́n fi ń pò ó kò sí. Mo lọ ra tínà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà ọkọ̀. Bí mo ṣe fín in sí ibi bónẹ́ẹ̀tì báyìí, ojú ike hunjọ bí ìka ẹni tó ti pẹ́ nínú omi. Mo gbé e tì. Nígbà tó yá, mo rí ojúlówó tínà gbà, mo fín in sí òrùlé àti ìhà ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Kí n tó pajú dé, òrùlé ti fún bí ẹni da ẹfun lé e. Ìhà ilẹ̀kùn kò fún, ṣùgbọ́n ó rí págunpàgun bíi sáńpépà. Ẹnì kan ní kí n fi kún agbára afẹ́fẹ́, ẹlòmíràn ní ọ̀dà náà ti bàjẹ́. Ṣé kí n pa lákà tì ni, kí n wá èyí tí wọ́n ń fi omi pò?”

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ kí n tó gbé kálàmù, torí mo mọ bó ṣe ń rí lára kí èèyàn ba ohun tó fẹ́ fi mú inú bàbá rẹ̀ dùn jẹ́. Má sọ ọkọ̀ náà nù. Ọ̀dà rẹ kò bàjẹ́, kò sì sí ohun tó ṣe airbrush rẹ. Ohun tó dà ọ́ láàmú ni pé o rò pé àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe mọ́dẹ́lì yìí, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni. Ike tó hunjọ lọ́tọ̀, ọ̀dà tó fún lọ́tọ̀, èyí tó rí págunpàgun lọ́tọ̀. Oògùn ọ̀kan sì lè dá kún òmíràn. Ẹni tó ní kí o fi kún agbára afẹ́fẹ́, bí o bá gbọ́ tirẹ̀, ìhà ilẹ̀kùn yóò burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ibì kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣẹ̀ wá: tínà. Ohun tí tínà ń ṣe kó tó fò lọ, àti bó ṣe ń yára tàbí falẹ̀ lọ, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ lákà.

Iṣẹ́ ọ̀dà ọkọ̀ ni mo kọ́ ní Adó-Èkìtì níbí, ní ẹ̀gbẹ́ títì tí eruku kì í ti í jẹ́ ká mí, kí n tó wá ń kun ọkọ̀ ike kéékèèké. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ là yé mi ni pé ọ̀dà tó ń gbẹ yàtọ̀ sí ọ̀dà tó ń jinná. Ọ̀dà tí wọ́n ń po hádínà, ohun tó ń mú un le, mọ́, tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ òde òní, jinná ló ń jinná, bí ẹyin tí a sè. Bó bá ti le tán, kò sí bí a ṣe lè sọ ọ́ di omi mọ́. Lákà kò rí bẹ́ẹ̀. Lákà dà bí iyọ̀ tí a yọ́ sínú omi. Oje ni ara rẹ̀, ẹ̀tù aláwọ̀ wà nínú oje náà, tínà ló sì sọ gbogbo rẹ̀ di ṣíṣàn. Bí tínà bá fò lọ, oje àti àwọ̀ ló máa kù. Bí tínà mìíràn bá tún kàn án, ìbáà jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, yóò tún yọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń tètè gbẹ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ DuPont àti General Motors gbé lákà Duco jáde ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1923 sí 1924, ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ọkọ̀ tí wọ́n máa ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ dúró dè tẹ́lẹ̀ wá ń gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Oje inú ìgò tìrẹ yàtọ̀ sí ti ayé ìgbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà gbẹ. Fi èyí sọ́kàn, torí òun ló máa yọ ọ́ nínú ọ̀ràn òrùlé yẹn.

Ká kọ́kọ́ mú ti bónẹ́ẹ̀tì. Ike tí wọ́n fi ṣe irú mọ́dẹ́lì bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ polystyrene. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú ṣíbí ike tí wọ́n ń pín níbi òde. Bí o bá tẹ ṣíbí náà, tó dún pà, tó ṣẹ́ sí méjì, ó jọ polystyrene. Bó bá tẹ̀ láìṣẹ́, tí ibi tó ti tẹ̀ sì ń fún, ike mìíràn ni. Tínà ọkọ̀ tí wọ́n ń rọ láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò, àpòpọ̀ oríṣiríṣi ni, toluene àti acetone sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ara páànù ọkọ̀ kò ka àwọn yẹn sí, irin ni. Ara polystyrene kò lè gbà wọ́n. Wọ́n ń yọ́ ọ ni, àní gọ́ọ̀mù tí o fi lẹ àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ náà pọ̀, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: ó ń yọ́ ẹ̀gbẹ́ ike méjèèjì kí wọ́n lè di ọ̀kan. Ìwọ kàn fín gọ́ọ̀mù sórí bónẹ́ẹ̀tì láìmọ̀ ni. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pẹ̀lú pé ojúlówó tínà lákà náà ń jẹ ike, àmọ́ ó ń rọra jẹ ẹ́, kó sì tó wọlé jìnnà ó ti fò lọ. Jíjẹ díẹ̀ yẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ràn lákà, torí òun ló ń jẹ́ kí ọ̀dà di ike mú, débi pé bí o bá lẹ tépù mọ́ ọn láti kun àwọ̀ mìíràn, tí o sì ṣí i, ọ̀dà kì í bá tépù lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá fín in débi tí omi rẹ̀ ń dúró lójú kan, ojúlówó náà yóò ba ike jẹ́.

Kí o má baà tún kó sí i, má fín ohunkóhun tí o kò tíì dán wò. Nínú páálí mọ́dẹ́lì, àwọn ọ̀pá ike kan wà tí àwọn ẹ̀yà so mọ́ kí o tó gé wọn kúrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń jù wọ́n nù, tọ́jú wọn. Kán ẹ̀kán tínà kan sí ọ̀pá náà, ka ọgọ́ta, kí o fi aṣọ nù ún. Bí dídán rẹ̀ bá ṣì wà, ó dára. Bí ó bá ṣú, tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ń yọ láàárín òun àti aṣọ bí ìgbà tí a gé ilá, tínà yẹn kò gbọdọ̀ dé ara ọkọ̀ rẹ. Má da tínà ọkọ̀ náà nù o. Fi fọ airbrush, ó mọ iṣẹ́ ìfọ̀ dáadáa. Ohun kan ni kí o ṣọ́ra fún: bí rọ́bà kéékèèké bá wà nínú airbrush náà, má rì í sínú tínà mọ́jú, wọn yóò wú.

Bónẹ́ẹ̀tì tó hunjọ ń fẹ́ ọjọ́, kò fẹ́ agbára. Tínà ṣì wà nínú ike yẹn, ó rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bí o bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, àmì ìka rẹ ni yóò gbẹ síbẹ̀. Gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, fi sáńpépà 600 àti omi rẹ́ ẹ, kí o bọ́ sí 1000 tó kúnná jù ú lọ. Ibi tó bá jìn, fi pọ́tì ike dí i, jẹ́ kó gbẹ, kí o tún rẹ́ ẹ. N kò ní tàn ọ́: bí ìlà tó yí bónẹ́ẹ̀tì ká bá ti yọ́ dí, ìwọ ni yóò fi orí abẹ́rẹ́ àti rúlà tún un là, kò sì ní rí géérégé bíi ti ilé iṣẹ́ mọ́. Èmi náà ní ọkọ̀ kan tí mo là bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ kò rí i, ṣùgbọ́n ojú mi máa ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ó kan òrùlé tó fún. Rántí bí sípíríìtì tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá ṣe máa ń tutù kí wọ́n tó gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Kì í ṣe pé sípíríìtì náà tutù nínú ìgò. Fífò tó ń fò lọ ló ń gbé ooru ara lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tínà ṣe ń ṣe. Bó ṣe ń yára fò kúrò lórí òrùlé ọkọ̀ rẹ, ó ń mú kí ojú ibẹ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ìwọ náà sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì: omi á yọ sí i lára, omi náà kò sì ti inú ìgò jáde, inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Ìrì ló sẹ̀ sórí ọ̀dà rẹ, àbúrò mi. Omi bọ́ sínú lákà tí kò tíì gbẹ, oje kò sì fẹ́ omi, ó dì gúlúgúlú kéékèèké, ìmọ́lẹ̀ wá ń fọ́nká lára rẹ̀ dípò kó kọjá. Ohun tí ojú rẹ rí bí ẹfun nìyẹn. Àwọn tó ń fín fánísì sára àga mọ̀ ọ́n, àwa tó ń kun ọkọ̀ mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó fín lákà ní ìgbà òjò ní Èkìtì tí kò tíì rí i rí.

Tìrẹ tilẹ̀ le díẹ̀, torí Ìkéré ni o wà. Àárín òkè ni ìlú yín, ọ̀rinrin máa ń dúró pẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn òjò. Mo ní àmì kan tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń gbé níbẹ̀: bí ìkùukùu bá ṣì jókòó sórí òkè Olósùnta, má fọwọ́ kan lákà. Ìrọ̀lẹ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí ilẹ̀ ń mí èéfín, ló burú jù nínú gbogbo àsìkò. Ní ìgbà òjò, láàárín agogo méjìlá sí mẹ́ta ọ̀sán, lọ́jọ́ tí oòrùn ti ran fún bíi wákàtí mẹ́ta, ni mo máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, kò tóbi ju aago tábìlì lọ. Bó bá ti kọjá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, n kì í fín ohun tí mo bá fẹ́ kó dán. Ìgbà ọyẹ́ ló sàn jù fún ọ̀ràn fífún yìí, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń bá eruku rìn. Mo máa ń wọ́n omi sílẹ̀ yàrá iṣẹ́ ní ìdajì wákàtí ṣáájú kí eruku lè lẹ̀ mọ́lẹ̀, bí a ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ̀, kì í ṣe omi tó máa tún sọ yàrá di tútù o, díẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ gbálẹ̀ ni.

Bí a ṣe ń tún òrùlé ṣe nìyí, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti omi ti wúlò. Lákà tó ti gbẹ ṣì lè yọ́. Duro de ọjọ́ tí oòrùn mú dáadáa. Wá tínà tí wọ́n po ohun tí ń mú un falẹ̀ mọ́, Mr. Leveling Thinner jẹ́ ọ̀kan, Tamiya náà ní irú rẹ̀. Da tínà yẹn nìkan sínú airbrush láìfi ọ̀dà sí i. Jìnnà tó bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí o fín in fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrì, lọ lẹ́ẹ̀kan, kí o dúró. Wàá rí i tí ẹfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá láti etí lọ sí àárín, tí búlúù ń padà bọ̀ lójú rẹ kòrókòró. Mo ní ìyẹ́ ọkọ̀ òfurufú dúdú kan rí tó di àwọ̀ eérú lọ́wọ́ mi. Láàárín ìṣẹ́jú kan péré tí mo fín tínà afalẹ̀ sí i, ó dú padà bíi tàtẹ̀yìnwá. Bí kò bá lọ tán, jẹ́ kó gbẹ fún ìdajì wákàtí kí o tún ṣe é. Má fi ìkánjú rọ̀jò lé e lórí, tínà ló ṣì jẹ́, ike sì wà nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé o ti fín ọ̀dà mìíràn lé ẹfun náà lórí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, tínà lè má dé ìsàlẹ̀. Sáńpépà 2000 àti omi ló kù, kí o tún un kùn.

Ìhà ilẹ̀kùn tó rí págunpàgun ni òdì kejì gbogbo èyí. Níbẹ̀, tínà ti fò tán kí ọ̀dà tó dé ara ọkọ̀. Ohun tó bọ́ sára ike kì í ṣe omi mọ́, ẹ̀tù ni, kò lè tẹ́, kò lè para pọ̀. Ó lè jẹ́ pé o jìnnà jù, tàbí pé ọ̀dà ki jù, tàbí pé afẹ́fẹ́ le jù. Nínú ọ̀rọ̀ rẹ, mo fura pé bí òrùlé ṣe fún, ẹ̀rù bà ọ́, o wá gbé ọwọ́ jìnnà nígbà tó kan ilẹ̀kùn. Gbogbo wa ló ń ṣe é. Fi sáńpépà 1500 rẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú omi títí yóò fi jọ̀lọ̀, kí o tún un fín.

Ní ti pípò, àwọn èèyàn máa ń béèrè ìwọ̀n tó ṣe pàtó. Ọ̀dà kan sí tínà kan ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Fún ohun tó máa dán bí ara ọkọ̀, mo lè dé ọ̀dà kan sí tínà méjì. Ṣùgbọ́n ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n jù. Ro ó nínú ife kékeré, fi ọ̀pá ìrò fa ọ̀dà náà gòkè lára ògiri ife, kí o fi í sílẹ̀. Bó bá dúró síbẹ̀ bí ẹ̀kọ tó ti dì, ó ki. Bó bá já lulẹ̀ bí omi tí kò fi àmì sílẹ̀, ó ti ṣàn jù. Èyí tó dára máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bíi mílíìkì, ó sì máa ń fi ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀ lára ife, tí o lè rí ìka rẹ lódìkejì gba inú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iyán gún mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń wọn omi fún un; ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ fún un pé iyán yìí ń fẹ́ omi díẹ̀ sí i. Fi agbára afẹ́fẹ́ sí 15 sí 20 psi, jìnnà tó 8 sí 10 sẹ̀ǹtímítà. Kọ́kọ́ tẹ afẹ́fẹ́, kí o tó fa ọ̀dà, bẹ̀rẹ̀ níta ara ọkọ̀, kọjá lórí rẹ̀ láìdúró, kí o parí rẹ̀ níta lódìkejì. Níbi tí o bá ti dúró lójú kan ni omi ti máa dúró. Ìfín àkọ́kọ́ àti ìkejì kò gbọdọ̀ bo ike tán. Jẹ́ kó dà bí ìrì, kí o sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí àwọn ìfín fẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí ni yóò dáàbò bo ike nígbà tí ìfín tútù bá dé. Ìfín tútù ni èyí tó ń dán nígbà tó bá ń bọ́ sílẹ̀. Gbé ọkọ̀ náà sí abẹ́ iná, kí o tẹjú mọ́ àwòrán gílóòbù lára òrùlé: bí àwòrán náà bá dá ṣáká ní ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ bó ṣe ń lọ, o wà lójú ọ̀nà. Bó bá ń fọ́ wẹ́wẹ́, sún mọ́ ọn díẹ̀ tàbí fi ẹ̀kán tínà díẹ̀ kún un.

Kí o tó dé ibẹ̀ ṣá, fi ọṣẹ àti omi fọ ara ọkọ̀ náà, torí ọ̀rá tí wọ́n fi ń yọ ike nínú mọ́ọ̀dì lè ṣì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fín práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀. Mr. Surfacer 1500 ni mo fẹ́ràn jù fún ọkọ̀. Ó ń jẹ́ kí o rí gbogbo ihò àti ìlà sáńpépà kí àwọ̀ tó bò wọ́n, ó sì ń dúró láàárín tínà àti ike. Jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Má sì jẹ́ kí ọ̀dà pọ̀ jù. Ìjàpá gidi gùn tó nǹkan bí mítà mẹ́rin, tìrẹ kò ju sẹ̀ǹtímítà 17 lọ. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ lára ọkọ̀ gidi kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Bí o bá gbé irú kíki bẹ́ẹ̀ lé mọ́dẹ́lì 1/24, ńṣe ló dà bí ẹni pé ọkọ̀ gidi wọ ẹ̀wù ọ̀dà tó ju mìlímítà méjì lọ. Àwọn ìlà ilẹ̀kùn á dí, ojú á mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu lè má mọ ohun tó jẹ́.

Kọ́mpírẹ́sọ̀ ń kọ́? Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń gbóná, bó bá sì tutù nínú ọ̀pá, omi inú rẹ̀ ń yọ. Bí o bá ń rí ẹ̀kán omi lójú ọ̀dà nígbà tí o ń fín in, ibẹ̀ ló ti wá. Wá agolo kékeré tó ń gba omi dúró láàárín kọ́mpírẹ́sọ̀ àti airbrush, kí o máa tú u dànù. Mo ti rí àwọn tó ń lo ti fọkanáísà. Ó lágbára, ṣùgbọ́n òróró àti omi máa ń bá afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde. Bí tìrẹ bá ní táǹkì, inú mi dùn fún ọ, torí bí iná bá lọ láàárín ìfín tútù, afẹ́fẹ́ inú táǹkì á jẹ́ kí o parí òrùlé kan.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀ ọ́ nìyí, kì í ṣe pé mo ń gbà ọ́ níyànjú lásán. Èéfín tínà kì í ṣe òórùn nìkan. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, hańkáṣíìfù la fi ń bo imú, orí a máa fọ́ mi títí di ọjọ́ kejì, mo sì rò pé iṣẹ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ìbòmú aláṣọ àti èyí tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn kò dá èéfín tínà dúró rárá. Ẹ̀tù ọ̀dà díẹ̀ ni wọ́n lè gbà. Èyí tí o nílò ni ìbòmú onírọ́bà tó ní agolo èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìgbà tí o bá ti ń gbọ́ òórùn tínà nínú rẹ̀, èédú ti kún, pààrọ̀ rẹ̀. Fín ọ̀dà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde síta, kì í ṣe níbi tó ti ń yí po nínú yàrá. Mo fín lákà rí nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ èyí tí ọmọ mi ń sùn. Ọmọ náà jí lóru, ó ń wúkọ́, n kò sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Tínà ń gbaná pẹ̀lú. Sítóòfù, àbẹ́là, jẹnẹrétọ̀ tó wà lójú fèrèsé, èyíkéyìí nínú wọn lè mú èéfín náà gbiná.

Wàyí, ṣé kí o pa lákà tì? Bí o kò bá ní irú ìbòmú yẹn, tí kò sì sí ibi tí o ti lè fín ọ̀dà àyàfi yàrá tí ẹ ń sùn, bẹ́ẹ̀ ni, pa á tì, n kò ní jiyàn. Ọ̀dà olómi bíi Vallejo kò ní òórùn tó bẹ́ẹ̀, kì í jẹ ike, ọ̀rinrin kì í sọ ọ́ di ẹfun. Ṣùgbọ́n ó ń gbẹ sórí abẹ́rẹ́ airbrush, pàápàá nígbà ọyẹ́, tépù máa ń ṣí i, kò sì rọrùn láti rẹ́ kó dán bí ara ọkọ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni ọ̀dà X àti XF ti Tamiya wà: ọtí ni wọ́n fi ń pò ó, ó sì gba tínà lákà afalẹ̀ dáadáa, débi pé ojú rẹ̀ á tẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń ta á lọ. Mo máa ń fi í kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Òórùn tínà ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà ìbòmú kò ṣeé yọ. Àwọn kan á ní kí o lo ọ̀dà ọkọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, ó sì ṣeé ṣe, àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, kò wọ́n. Èmi náà ti lò ó lórí práímà tó gbẹ dáadáa, ní ìfín fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó ti mọ ọwọ́ ara rẹ̀ ló wà fún. Ṣùgbọ́n kílíà, ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán, tí wọ́n ń po hádínà mọ́, má gbé e wọlé. Kẹ́míkà tó ń jẹ́ isocyanate wà nínú hádínà rẹ̀, ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ pátápátá, ìbòmú èédú tí mo sọ lókè yìí kò sì tó ohun tí o lè gbẹ́kẹ̀ lé fún un. Fún ọkọ̀ tí o fẹ́ gbé fún bàbá rẹ, tí ojú ọjọ́ bá gbà, tí ìbòmú bá wà, lákà ni èmi yóò lò.

Ó ku àwọ̀ náà. Bí ọkọ̀ bàbá bá ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé, má wo òrùlé rẹ̀ láti fi po búlúù, oòrùn ti jẹ ẹ́. Ní kí wọ́n jẹ́ kí o ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí o wo etí inú rẹ̀ níbi tí rọ́bà bò, tàbí kí o gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn sókè. Fi aṣọ tútù nù ún dáadáa. Àwọ̀ tó bá yọ níbẹ̀ ni èyí tí ọkọ̀ náà gbé wá láti ilé iṣẹ́. Po tìrẹ, kùn ún sórí ṣíbí ike, jẹ́ kó gbẹ, kí o gbé ṣíbí náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú oòrùn. Bó bá bára mu, fi ẹ̀kán funfun díẹ̀ kún un kí o tó fín in, torí àwọ̀ kan náà máa ń ṣókùnkùn lójú lára ohun kékeré.